Òyìnbó Dì Mọ́ Màmá Lọ́jọ́ Oúnjẹ Bàbá

Lọ́jọ́ tí a fẹ́ gbé oúnjẹ ọdọọdún fún bàbá ọkọ mi tó ti kú, òyìnbó tó gba yàrá òkè ilé wa ní Srirangam, ní ilẹ̀ Íńdíà, dì mọ́ ìyá ọkọ mi nídìí ààrò, gbogbo oúnjẹ náà sì bàjẹ́.

Birgit lorúkọ rẹ̀. Ìwé ló ń kọ nípa ìyà tí ẹ̀sìn wa fi ń jẹ obìnrin. Ó ti mọ ìyà náà kó tó wọ ọkọ̀ òfuurufú. Ẹni tó ń jẹ ẹ́ ló wá wá. Ó wá rí ìyá ọkọ mi, Kothai Ammal, opó ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin, tí wọ́n ń dá jẹun, tí wọ́n ń sùn sórí ẹní, tí wọ́n sì ń pariwo "Má fọwọ́ kàn mí!" ní àràárọ̀. Ó gbà pé a ti sọ Màmá di ẹni ẹ̀gbin nítorí pé ọkọ wọn kú.

Irọ́ ni. Àwa la dọ̀tí. Tí Màmá bá ti wẹ̀ láàárọ̀, tí wọ́n ró aṣọ tí ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn, a ò gbọdọ̀ sún mọ́ wọn títí wọn yóò fi se oúnjẹ òrìṣà tàbí ti òkú tán; bí a bá fara kàn wọ́n, oúnjẹ náà ti di aláìmọ́. Èmi tí mo ti fẹ́ ọmọ wọn láti ọdún mọ́kànlélógún, wọ́n ń lé mi bí ewúrẹ́. Tó bá di ọ̀sán, àwọn ọmọ mi á sùn lé wọn lẹ́sẹ̀, ṣùgbọ́n Birgit kì í sí nílé lọ́sàn-án.

Ó bi mí lẹ́ẹ̀kan pé, "Vedavalli, ta ló ní kẹ́ ẹ má fọwọ́ kan màmá?"

"Àwọn fúnra wọn ni."

Ó fojú àánú wò mí. "Bí wọ́n ṣe kọ́ wọn láti máa sọ ọ́ nìyẹn."

Mo rẹ́rìn-ín, mo bá iṣẹ́ mi lọ. Ó yẹ kí n jókòó ṣàlàyé. Mi ò ṣe é.

Lọ́jọ́ náà, Sampath ọkọ mi ti Pune, ìlú tó ti ń ṣiṣẹ́, dé. Òun nìkan ni ọmọkùnrin wọn, òun ló gbọ́dọ̀ gbé oúnjẹ náà kalẹ̀, ọjọ́ kan péré sì ni wọ́n fún un níbi iṣẹ́. Àlùfáà méjì jókòó ní pálọ̀, àwọn tó máa jẹun dípò Bàbá. Àsìkò ètò náà kò gbọdọ̀ kọjá aago méjì.

Mo gbé ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná.

"Yàgò!" Màmá pariwo. "Ṣé ojú ẹ fọ́ ni? Jù ú síbẹ̀!"

Birgit ń bọ̀ láti òkè. Omi lé ròrò sójú rẹ̀. "Èmi ò kórìíra yín, màmá," ló wí, ó wọlé, ó sì dì mọ́ wọn tòun ti ṣíbí ọwọ́ wọn.

Màmá bú sẹ́kún. Birgit rò pé ọpẹ́ ni, ó tún fún wọn mọ́ra.

Àlùfáà àgbà wo aago. "Ẹ tún wẹ̀, kẹ́ ẹ tún dáná."

"Dáná wo? Wákàtí mẹ́rin ni mo fi sè é!"

"Ilé míì ń retí wa, Màmá. Ẹ sún un sí ọjọ́ òṣùpá tuntun."

"Mi ò ní sí nílé nígbà yẹn," ni Sampath wí. Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Màmá, ẹ jẹ́ ká gbé e fún wọn bẹ́ẹ̀. Ta ló rí i?"

"Bàbá rẹ rí i."

A kó oúnjẹ náà fún Pechi, obìnrin tó ń gbá ẹ̀yìnkùlé wa, tí a ò jẹ́ kó kọjá ilẹ̀kùn ẹ̀yìn láti ọdún mẹ́rìndínlógún nítorí ìran tí wọ́n bí i sí. Birgit rẹ́rìn-ín sí i, ó gòkè lọ kọ̀wé. Kò bi í ní nǹkan kan.

Sampath wọ ọkọ̀ ojú irin aago márùn-ún. Nígbà tí òṣùpá tuntun yọ, ọ̀gá rẹ̀ kò yọ̀ǹda rẹ̀. Ọdún mọ́kànlá gbáko ni bàbá ọkọ mi fi ń jẹun nílé wọn lẹ́yìn ikú. Lọ́dún kejìlá, ebi pa wọ́n.