Ohun Tó Ń Dún Nínú Olga

Bí Lyle Haugen fúnra rẹ̀ ṣe máa ń sọ ọ́, etí òun ń gbọ́ ikọ́ èèrà láti ìlú kejì. Iṣẹ́ àtúnṣe ẹ̀rọ oko ló fi gbogbo agbára rẹ̀ ṣe ní North Dakota, níbi tí òtútù ti máa ń mú débi pé ọ̀rọ̀ á dì mọ́ èèyàn lẹ́nu, wọ́n á gbé e sórí iná kí wọ́n tó mọ ohun tó ń sọ. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, òun àti Ardis ìyàwó rẹ̀ ta ilé tí wọ́n kọ́ mọ́lẹ̀, wọ́n fi owó rẹ̀ ra ilé onítáyà. Ọkọ̀ gìrìwò ni, ó ní bẹ́ẹ̀dì, ó ní ààrò, ó ní balùwẹ̀, fèrèsé iwájú rẹ̀ sì tóbi ju ti ṣọ́ọ̀ṣì wọn lọ. Wọ́n sọ ọ́ ní Olga. Bí òtútù bá ti ń bọ̀, Olga á gbé wọn lọ sí aginjù Arizona, níbi tí àwọn arúgbó bíi tiwọn ti máa ń bà sílẹ̀ tọkọ̀tọkọ̀ bí eéṣú tó rí oko àgbàdo.

Lọ́dún yìí, Olga bẹ̀rẹ̀ sí í dún.

Bó bá dúró, kò ní dún. Bó bá ń lọ tààrà, kẹ́kẹ́ pa mọ́ ọn lẹ́nu. Ṣùgbọ́n kí Lyle ṣáà yí sítíárì sápá òsì báyìí, ẹ ó gbọ́ gbọ́ọ̀-gbọ̀-kẹ̀ǹ, bí ìgbà tí òkú bá fẹ́ jáde nínú pósí tí kò rí ọ̀nà.

Lyle gbógun tì í. Ó ki ìbọ̀sẹ̀ sínú gbogbo ìkòkò. Ó fi aṣọ ìnuwọ́ la àárín àwọn abọ́. Ó di àwọn ṣíbí pọ̀ bí ọwọ̀. Ó tilẹ̀ yọ eyín àtọwọ́dá ẹnu ara rẹ̀, ó kó o sínú báàgì Ardis, bóyá òun ni aláriwo. Olga tún yí sósì: gbọ́ọ̀-gbọ̀-kẹ̀ǹ. Níkẹyìn ó gbójú lé páànù irin dúdú tí wọ́n fi ń dín ẹyin, èyí tí ìyá Ardis fi sílẹ̀ fún un.

"Ìyá rẹ ló ń pariwo yìí," ó wí. "Wọ́n ti sin ín, kò sì tíì dákẹ́."

Ó gbé páànù náà fún aládùúgbò kan. Ariwo náà kò lọ.

Ní àgọ́ tí àwọn arúgbó náà pa sí aginjù, èèyàn kì í ti àpótí irinṣẹ́ rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ òòlù á wá mú òòlù. Òfin kan ló wà níbẹ̀: ohun tí èèyàn bá yá kì í padà sílé lọ́wọ́ òfo, oúnjẹ ló gbọ́dọ̀ sìn ín wá. Ọbẹ̀ adìyẹ Noreen, obìnrin ará Montana tó ń gbé níwájú wọn, dùn débi pé àwọn ọkùnrin máa ń gbé ayùn lọ bá a, wọ́n á máa bẹ̀ ẹ́ pé kó jọ̀ọ́, kó yá a, bí kò tiẹ̀ ní igi tó fẹ́ rẹ́.

Delmar Pruitt, ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan láti Arkansas tí ìyàwó rẹ̀ ti kú, ló wà ní ẹ̀gbẹ́ Olga gan-an. Òun ló yá sípánà ńlá tí bàbá Lyle fi sílẹ̀, èyí tí wọ́n kun ọ̀dà pupa sí nídìí. Láti ìgbà náà, Lyle kò rí sípánà rẹ̀ mọ́. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, nígbà tí gbogbo wọn to àga yí iná ká, Lyle là á mọ́lẹ̀.

"Àwọn kan wà láàárín wa," ó ní, "tí wọ́n ń yá nǹkan bí ẹni fa afẹ́fẹ́ símú tí kò mí i jáde."

Delmar gbé ife kọfí rẹ̀ sílẹ̀. "Èmi lo ń bá wí?"

"Ta ló yá sípánà bàbá mi?"

"Mo yá a, mo sì dá a padà. Ọwọ́ rẹ ni mo fi lé."

"Ọwọ́ náà rèé. Wá wò ó, bóyá ó há sí mi láàárín ìka."

Gbogbo àgọ́ rẹ́rìn-ín. Lyle fẹ́ràn kí èèyàn máa rẹ́rìn-ín sọ́rọ̀ òun ju oúnjẹ lọ, nítorí náà ó tún un sọ lọ́jọ́ kejì, ó sì fi iyọ̀ sí i. Kò pẹ́ tí Noreen fi ra àgádágodo sí àpótí irinṣẹ́ rẹ̀. Bí Delmar bá ń bọ̀, òòlù á wọlé, ayùn á wọlé. Ó wá di pé ọkùnrin náà kò lè tọrọ ìṣáná. Kò wá sídìí iná mọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí omi tán nínú táńkì Olga, Ardis dúró lójú fèrèsé.

"Delmar ń palẹ̀ mọ́," ó wí. "Ó ní òun ò lè gbé ibi tí wọ́n ti ń pe òun lólè. Ìgbà òtútù ò tíì dé ìdajì."

"Èmi ò pè é lólè."

"Bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ̀wù olè lo kàn wọ̀ fún un, o ní kó lọ wo dígí."

Lyle wá kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ láti lọ pọnmi. Ardis ti mú un.

"Èmi ni màá wà á lónìí," ó ní. "Láti ìgbà tá a ti ra ọkọ̀ yìí, iwájú lo máa ń jókòó sí, ẹ̀yìn ni ariwo wà. Lọ dùbúlẹ̀ sẹ́yìn."

"Ìwọ tó o kọ lu ṣọ́ọ̀ṣì?"

"Igi iwájú ṣọ́ọ̀ṣì ni. Dùbúlẹ̀, jàre."

Lyle dojú bolẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì bí ọ̀nì tó jẹun yó. Ardis wa Olga jáde sí pápá gbalasa, ó yí sósì. Gbọ́ọ̀-gbọ̀-kẹ̀ǹ.

"Tún yí i," ni Lyle ń wí láti ilẹ̀.

"Mo ti yí i."

"Má dáwọ́ dúró."

Obìnrin náà ń yí po lójú kan. Eruku gòkè débi pé àwọn igún ojú ọ̀run wá ibòmíràn lọ. Lyle ń fàyà fà, etí rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ilẹ̀, ó kọjá ìdí fíríìjì, ó kọjá ìdí ààrò, ó dé abẹ́ ìjókòó tí wọ́n ti ń jẹun, lẹ́yìn pákó tó bo ẹ̀rọ tó ń fa omi. Ibẹ̀ ni. Ó tú skúrù pákó náà, ó ti ọwọ́ bọ inú òkùnkùn, ó kan irin tútù. Ọwọ́ rẹ̀ dá a mọ̀ kí ojú rẹ̀ tó rí i.

Sípánà bàbá rẹ̀ ni. Abọ́ bébà kan tẹ́ pẹrẹsẹ lábẹ́ rẹ̀, abọ́ olódòdó búlúù, irú èyí tí ìyàwó Delmar rà jọ rẹpẹtẹ kó tó kú, tí ẹnikẹ́ni mìíràn kò ní ní gbogbo àgọ́. Èérún páì dídùn ti gbẹ mọ́ ọn.

Gbogbo rẹ̀ padà sí i lọ́kàn lẹ́ẹ̀kan náà. Ó wà lórí ìdùbúlẹ̀ níbí gan-an, ó ń de ẹ̀rọ omi. Delmar yọjú lẹ́nu ọ̀nà, ó na sípánà sí i pẹ̀lú páì lórí abọ́. Lyle jẹ páì náà lórí ìdùbúlẹ̀. Ó fi sípánà di nọ́ọ̀tì kan, ó gbé e lé abọ́ kí ọwọ́ rẹ̀ lè ráyè, ó gbàgbé, ó sì de pákó mọ́ ọn.

Olga dúró. Ardis wá sẹ́yìn. Ó wo sípánà, ó wo abọ́.

"Páì wà lórí ẹ̀?"

"Ó wà lórí ẹ̀."

"O jẹ ẹ́?"

"Mo jẹ ẹ́ tán."

Ojú Lyle pọ́n débi pé bí wọ́n bá fọ́ ẹyin sí i níwájú orí, á jinná kí iyọ̀ tó débẹ̀. Ó wá ibi tí yóò gbé ojú náà sí, kò rí. "A lè sọ pé páìpù ló tú," ó wí níkẹyìn. "Aginjù yìí fẹ̀, Ardis. Bí mo bá ju irin kan síta..."

"Ta ni *a*?" Ardis padà lọ jókòó sídìí sítíárì. Kò bojú wẹ̀yìn. "Ibo ni kí n yí sí?"

Lyle di sípánà àti abọ́ náà mú.

"Àgọ́," ó wí. "Tètè, kí Delmar tó lọ."

Bí ẹnikẹ́ni bá ń kúrò ní àgọ́, gbogbo èèyàn ló máa ń jáde, wọ́n á máa lu ìkòkò, wọ́n á sin ọkọ̀ rẹ̀ dé títì. Ẹ́ńjìnnì Delmar ti ń ṣiṣẹ́ nígbà tí wọ́n dé. Ẹyọ ènìyàn kan kò jáde, ìlẹ̀kùn gbogbo tì pa.

"Fọn fèrè," ni Lyle sọ fún Ardis. Ó fọn ọ́n títí ìlẹ̀kùn fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí, àwọn arúgbó ń yọ orí jáde pẹ̀lú ẹ̀wù ìsùn. Lyle gbé sípánà sókè lọ́wọ́ kan, abọ́ lọ́wọ́ kejì. Ẹnu tó máa ń ṣàn bí odò wá gbẹ, bí ẹni tí kò mọ̀ ju gbólóhùn mẹ́ta lọ.

"Ó dá a padà," ó wí. "Páì ló gbé e wá. Mo jẹ páì, mo de sípánà mọ́nú Olga. Òun ló ń dún láti ọjọ́ yìí. Mo ń pe ọkùnrin náà lólè, gbogbo ìgbà tí mo bá sì yí sósì ni irin yìí ń jẹ́rìí gbè é, èmi ni mi ò gbọ́."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ yẹn, Lyle ì bá fi Olga tọrẹ fún ẹni tó bá fi í rẹ́rìn-ín. Noreen ń wo àgádágodo tó wà lẹ́nu àpótí rẹ̀ bí ẹni pé ejò ló so mọ́ ọn.

Delmar yọ orí lójú fèrèsé ọkọ̀. "Báwo ni páì náà ṣe rí?"

Ó wu Lyle kó pa irọ́. "Mi ò rántí adùn rẹ̀," ó wí.

"Ìyàwó mi ló kọ́ mi," ni Delmar wí. Lẹ́yìn náà ó na ọwọ́ síta. "Yá mi ní sípánà yẹn. Ó dà bíi pé ìdè bátìrì mi ti tú."

Lyle gbé abọ́ sílẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé sípánà fún un. Delmar kò sọ̀ kalẹ̀ lọ wo bátìrì kankan. Ó gbé sípánà náà ka orí ìjókòó ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, níbi tí ìyàwó rẹ̀ máa ń jókòó sí, ó tẹ ọkọ̀, ó lọ. Noreen ló kọ́kọ́ fi ṣíbí lu ìkòkò. Àwọn yòókù tẹ̀ lé e, ṣùgbọ́n ọkọ̀ náà ti dé títì.

Láti ọjọ́ náà, Olga yí sósì, kò fọhùn. Lyle lọ gba páànù ìyá Ardis padà, ó gbé àkàrà òyìnbó dání, òun fúnra rẹ̀ ló yan án, ó sì jó. Nírọ̀lẹ́, bí àwọn èèyàn bá to àga yí iná ká, ó máa ń kọ ẹ̀yìn àga tirẹ̀ sí iná, kó lè dojú kọ títì. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó ń dẹ etí de ẹni tó yá sípánà lọ.