Eegun Tó Hù Lábẹ́ Èjìká Akunlé

Ọdún mẹ́ta gbáko! Ìyàwó akunlé a máa sọ ọ́ fún ẹni tó bá fẹ́ gbọ́, àti ẹni tí kò fẹ́ gbọ́ pàápàá. Ọdún mẹ́ta tí ọkọ rẹ̀ kò fi lè na ọwọ́ ọ̀tún sókè kun àjà ilé, tí eegun pẹlẹbẹ ẹ̀yìn èjìká rẹ̀ ń dún kọ́, kọ́. Ọ̀gá ibi iṣẹ́ ti gba búrọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ rẹ̀, ó fún un ní ìgbálẹ̀, ó ní ọ̀lẹ ni. Ó ní bí oṣù bá parí tí kò mú ìwé ilé ìwòsàn wá pé lóòótọ́ ni nǹkan ń ṣe é, kó máa lọ sílé.

Ìwé wo? Ẹ̀ẹ̀mẹ́fà ni wọ́n ti jókòó síwájú dókítà kan náà. Ẹ̀ẹ̀mẹ́fà ló wo àwòrán eegun tí wọ́n yà láti iwájú, tó ní kò sí nǹkan kan, tó kọ oògùn ara ríro. Ẹ jọ̀ọ́, ta ló ń dúró níwájú ènìyàn wo ẹ̀yìn rẹ̀? Kò fìgbà kan ní kí ọkùnrin náà bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì.

Ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́yìn ẹẹ́fà ju eéje lọ. Nígbà keje, bí dókítà ti tún mú bírò, ìyàwó dìde. Ó tú bọ́tìnnì ọkọ rẹ̀, ó fa ọwọ́ dókítà, ó gbé e lé ẹ̀yìn ọkùnrin náà.

“Ìyá, kí lẹ ń ṣe yìí?”

“Iṣẹ́ yín ni mò ń bá yín ṣe! Olówó orí mi, ẹ gbọ́wọ́ sókè.”

Kọ́! Dókítà fa ọwọ́ rẹ̀ padà wéré.

Wọ́n wá yà á láti ẹ̀gbẹ́. Kókó eegun kan ló hù sábẹ́ eegun èjìká, tó ń ha egungun ìhà. Oníṣẹ́ abẹ, obìnrin tí kì í fọ̀rọ̀ ṣòfò, ní kì í ṣe jẹjẹrẹ, ṣùgbọ́n àfi kó jáde. Ó la ẹ̀yìn náà, ó gé kókó yẹn láti ìdí, ó sì kọ ìwé tí ọ̀gá ń béèrè.

Lọ́jọ́ kejì, ìyàwó gbé kókó náà kiri yàrá àwọn aláìsàn nínú ìgò.

“Ẹ wá wo ọ̀lẹ o! Òun nìyí!”

Ọkọ rẹ̀ kò wò ó. Omi ń bọ́ lójú rẹ̀.

“Mo ti gbà pé ọ̀lẹ ni mí lóòótọ́,” ó ní.

“Ta ló kọ́kọ́ pè yín bẹ́ẹ̀? Ẹ sọ fún mi, kí n lọ bá a nílé rẹ̀!”

Ọkùnrin náà nu omijé rẹ̀.

“Ìwọ ni,” ó dáhùn, láìbínú. “Lọ́dún àkọ́kọ́, lọ́jọ́ tí mi ò lè gbé ọmọ wa dìde nílẹ̀.”

Ojú ti ìyàwó rẹ̀. Gbogbo èébú tó ti ń kó jọ láti ọdún mẹ́ta, kò rí ẹni tí yóò fi bú.