Okùn Inú Àká Oyèbánjí

Ní Kàbà, okun ni a fi ń kí ara wa, okùn ni a fi ń di ẹrù. Bí oòrùn bá sì ti wọ̀, okùn kan náà ni à ń pe ejò, nítorí wọ́n ní ẹni tó bá dárúkọ rẹ̀ lókùnkùn, ńṣe ló ránṣẹ́ pè é. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ Oyèbánjí, kó kọ́kọ́ mú ìyẹn lọ́wọ́.

Ọdún tí Ọbabìnrin Òyìnbó wá sí Nàìjíríà ni, lẹ́yìn òjò àkọ́rọ̀. Oyèbánjí ti sin erè kan fún ọdún mẹ́rin nígbà náà. Ìgbà tí wọ́n ń sungbó ló rí i lóko, kò gùn ju ọ̀pá ìtìlẹ̀ lọ, ó ká jọ lábẹ́ kùkùté tó ń jó. Ó gbé e sínú agbọ̀n wálé, ó tú u sínú àká ọkà bàbà rẹ̀, nítorí pé eku ń jẹ nínú ọkà náà ju àwọn tó gbìn ín lọ. Kí ọdún tó yípo, kò séku tó tún dáṣà pé òun ń yọjú níbẹ̀. Erè náà sì nípọn bí apá ọkùnrin.

Bó bá ṣe pé eku pípa nìkan ni, ta ni ì bá bá Oyèbánjí wí? Ohun tó kó o sí ìyọnu ni pé ó ń sọ káàkiri pé erè náà mọ òun.

"Ajá mọ ẹni tó ni ín," ó máa ń wí fún Ràsákì, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń ta iyọ̀ àti aṣọ nílé kejì. "Ewúrẹ́ mọ ẹni tó ń fún un léèpo iṣu. Kí ni ejò ṣe tí òun ò fi ní mọ ènìyàn?"

"Ooru ara rẹ ló mọ̀," ni Ràsákì á dá a lóhùn. "Gbé ìkòkò omi gbígbóná wọnú àká yẹn, wò ó bóyá kò ní fi ìkòkò ṣaya."

Ọ̀rọ̀ yìí kò jẹ́ kí Oyèbánjí jókòó. Ó gbé ìkòkò omi gbígbóná wọlé lóòótọ́, ó tẹ́ ọwọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kejì, ó ń wò. Erè yọ ahọ́n sí ọwọ́, ó yọ ọ́ sí ìkòkò, ó lọ wé mọ́ ìkòkò. Inú Oyèbánjí bàjẹ́ bí ọkùnrin tí àfẹ́sọ́nà rẹ̀ kọ̀ lójú agbo. Ṣùgbọ́n nígbà tó pẹ́ díẹ̀, erè fi ìkòkò sílẹ̀, ó gun apá rẹ̀ títí dé èjìká. Ó sáré lọ ròyìn fún Ràsákì.

"Omi yẹn," Ràsákì bi í, "ṣé kò tíì tutù nígbà tó wá bá ọ?"

Oyèbánjí rántí ìkòkò náà. Ó ti tutù.

Ibi tó ń ro èyí sí, tó ń ro ó sọ́hùn-ún, ni Priscilla ọmọ rẹ̀ bá a. Ayétòrò ni Priscilla ti ń bọ̀, ó gbé àkọ́bí rẹ̀ jòjòló dání, kí ìyá rẹ̀ lè bá a tọ́jú rẹ̀. Tíṣà ni ọkọ rẹ̀. Ó ra nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn fún ọmọ náà, ó sì kìlọ̀ pé ọmọ kò gbọdọ̀ sùn síta rẹ̀.

Theresa, ìyá Priscilla, kò tíì gba ọmọ tán tó fi yíjú sí ọkọ rẹ̀.

"Bàbá Priscilla, mo ti fara da nǹkan yín yẹn fún ọdún mẹ́rin. Ọmọ ti wọlé báyìí. Bí ọjà tó ń bọ̀ bá fi máa tú, kó ti kúrò."

"Kò ní ṣe ọmọ ní nǹkan kan. Ó mọ ará ilé."

"Ta ló sọ fún yín? Òun ni?"

"Ìyá Priscilla, bí o bá rí ojú tó fi ń wò mí."

"Ojú tí kì í pa dé lẹ fi ń ṣẹlẹ́rìí? Ẹni tí kò lè ṣẹ́jú, níbo lẹ ti fẹ́ mọ ohun tó ń rò?"

Láti ọjọ́ náà, ìdí Oyèbánjí kò gbélẹ̀ mọ́. Lóko, yóò fi ebè sílẹ̀ láìkọ tán, yóò bọ́ sórí òmíràn. Nílé, yóò ti yàrá ọmọ lọ sí àká, yóò ti àká padà sí yàrá ọmọ. Bó bá wo ọmọ, ẹ̀rù ejò á bà á. Bó bá wo ejò, ojú á tì í pé ẹ̀rù ba òun. Ká tiẹ̀ ní ó mọ̀ mí, ó máa ń bi ara rẹ̀, ṣé ó mọ̀ pé ara mi ni ọmọ yìí ti wá? Àgbà ní ohun tí ejò bá bí, gígùn ni yóò gùn. Wọn kò sọ bóyá ejò mọ ọmọ-ọmọ ẹlòmíràn.

Nígbà tí ọjà ku ọ̀la, ó ti oko dé ní ìrọ̀lẹ́, ó wọ àká láti wo ẹran rẹ̀. Kò rí i. Ó tú ìdì ọkà wò, ó wo òkè, ó wo ìsàlẹ̀. Kò sí. Theresa ti lọ sí àdúrà ìrọ̀lẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Priscilla wà nílé, ó ń rẹ ọmọ. Báwo ni bàbá yóò ṣe la ẹnu sọ ọ́ fún un? Ó wo ẹ̀yìn ààrò, ó wo ìdí àmù, ó bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ àpótí.

"Kí lẹ̀ ń wá, Bàbá?"

"Aáṣáà mi ni."

"Òun ló wà lọ́wọ́ yín yẹn."

"Àbí o ò rí nǹkan," ó wí, ó sì jáde.

Ilẹ̀ ń ṣú. Ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó dìde, ó tún jókòó. Àdá tó mú toko bọ̀ wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ìgbà náà ni ohùn Priscilla ti inú yàrá jáde:

"Bàbá, ẹ gbà mí. Okùn já bọ́ lórí ọmọ."

Oyèbánjí kò mọ bí òun ṣe dé inú yàrá. Wọn kò tíì tan fìtílà. Ó rí ohun funfun kan tó wó lulẹ̀ lórí ẹní, ó rí ohun gígùn kan tó ń jà lórí rẹ̀, ó ń gbọ́ igbe ọmọ lábẹ́ gbogbo rẹ̀. Ó fi ọwọ́ òsì gbá ohun gígùn náà mú, ó fà á sókè, ó sì fi ọwọ́ ọ̀tún sọ àdá lé e. Àdá gé e, ó kọjá, ó kàn mọ́ ẹní.

Kò sẹ́jẹ̀. Ohun tó kù sí ọwọ́ òsì rẹ̀ gbẹ, ó sì fúyẹ́. Priscilla ti fa ọmọ jáde. Ó wo àdá, ó wo ẹsẹ̀ ọmọ, ó tún wo àdá.

"Bàbá," ó wí jẹ́jẹ́, "okùn nẹ́ẹ̀tì ni. Èyí tí mo so mọ́ igi àjà."

Ibi tí ẹsẹ̀ ọmọ wà kò ju ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan lọ sí ibi tí àdá dúró sí.

Igbe ọmọ ló pe Ràsákì wá. Kò pẹ́, Theresa náà ti ṣọ́ọ̀ṣì dé. Wọ́n tan fìtílà, wọ́n fi okùn tó di méjì hàn án. Theresa jókòó, ó ní:

"Ẹni tí ohun tí à ń wí yìí bá ti bù jẹ rí ni wọ́n ní ó máa ń sá fún okùn. Ẹ̀yin tí kò bù jẹ rí, ẹ̀yin lẹ wá fi àdá lé okùn."

"Ó yẹ kó kọ́kọ́ kí i pé okun," Ràsákì wí. "Bóyá ì bá dáhùn." Ṣùgbọ́n òun gan-an kò rí ẹ̀rín rín sí i.

Priscilla ló sọ èyí tó dun Oyèbánjí jù. "Ẹ ní kò ní ṣe ọmọ ní nǹkan, mo sì gbà yín gbọ́, Bàbá. Mo ń sùn, mo ń hanrun. Kò tiẹ̀ wá sí mi lọ́kàn pé ẹ̀yin kò gba ara yín gbọ́."

Oyèbánjí gbé fìtílà, ó lọ sí àká. Agbọ̀n ògbólógbòó kan wà níbẹ̀ tó dojú délẹ̀, òun nìkan ni kò ṣí wò nírọ̀lẹ́. Ó ṣí i. Erè náà wà lábẹ́ rẹ̀, ó ká jọ, eku wà nínú rẹ̀ tó yọ gódó. Ó gbé orí sókè díẹ̀, ó yọ ahọ́n sí ọwọ́ ọ̀tún Oyèbánjí, ọwọ́ tó mú àdá. Lẹ́yìn náà, ó gbé orí lé e, ó dákẹ́ síbẹ̀.

Theresa dúró sẹ́nu àká. "Ó wà níbẹ̀?"

"Ó wà níbẹ̀. Ó jẹun."

"Ẹ jẹ́ kó máa wà níbẹ̀ nígbà náà. Kò ṣẹ ẹnikẹ́ni lónìí."

"Èmi ló ṣẹ̀," Oyèbánjí wí. "Bí ẹnikẹ́ni bá tún pe okùn nínú ilé yìí, èmi ò mọ ibi tí ọwọ́ mi yóò gbà. Bóyá òun ni mo máa gé, bóyá ọmọ ni. Yóò lọ."

Kí ìlú tó jí dáadáa ló ti gbé e sínú agbọ̀n, ó gbé e rù kọjá oko tirẹ̀, ó kọjá oko ẹni tó kẹ́yìn, ó dé ẹsẹ̀ òkè níbi tí koríko ti ga tí eku sì pọ̀. Ó yí agbọ̀n sẹ́gbẹ̀ẹ́. Erè náà rọra tú jáde, ó ká ara rẹ̀ jọ sórí ilẹ̀ níwájú rẹ̀, kò sì lọ síbì kankan.

"Máa lọ," Oyèbánjí wí.

Kò lọ. Oyèbánjí tẹ̀ sẹ́yìn, ó wẹ̀yìn, ó tún padà wá. Ó fẹ́ kó jẹ́ pé erè ló kọ́kọ́ fi òun sílẹ̀, kí ó má lè sọ, bó bá ń sọ nǹkan nínú ara rẹ̀, pé Oyèbánjí ló já òun sílẹ̀ nínú igbó. Ó jókòó sórí òkúta.

Oòrùn ti gòkè nígbà tí obìnrin kan tó ń gba ojú ọ̀nà lọ sọ́jà rí i láti òkèèrè, òun àti agbọ̀n òfìfo.

"Bàbá, ṣé agbọ̀n lẹ̀ ń tà ni?"

"Rárá. Mo ń dúró."

"Ta lẹ̀ ń dúró dè níhìn-ín?"

Ó wo inú koríko níwájú rẹ̀. "Ẹnì kan tí mo fẹ́ kó ṣíwájú mi lọ."

Obìnrin náà wo ọ̀tún, ó wo òsì, kò rí ẹnikẹ́ni. Ó gbé ẹsẹ̀ kánkán.