Ìròyìn Tí Nakhle Kò Tíì Fọwọ́ Sí

3.
…nítorí pé ìgbà kejì rèé tí a mú un pé ó mutí wakọ̀, a gba láísẹ́ǹsì Tanios ọmọ Shukri fún ọdún kan. Bí a bá tún bá a nídìí ọkọ̀, ẹ̀wọ̀n ni.

Sájẹ́ǹtì Nakhle ló fọwọ́ ara rẹ̀ lẹ ìwé náà mọ́ ògiri àgọ́ ọlọ́pàá abúlé. Ó ti láísẹ́ǹsì mọ́ inú dúrọ́ọ̀, ó rò pé ọ̀ràn bùṣe. Bẹ́ẹ̀, ta ló ń fi láísẹ́ǹsì wakọ̀? Ọwọ́ àti ẹsẹ̀ kúkú ni.

4.
Ohun tí gbogbo abúlé mọ̀:
— Kò sí ẹni tó ń pọn áráàkì, ọtí àjàrà, bíi Shukri ní gbogbo agbègbè Bekaa.
— Nígbà ìpọntí, ẹnìkan gbọ́dọ̀ máa tọ́ ọ wò. Tanios ni.
— Áráàkì Shukri ni wọ́n mu níbi ìgbéyàwó Nakhle. Ẹ̀bùn ni.

5.
Ọjọ́ Àìkú, agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Ibi àyẹ̀wò ọkọ̀, lẹ́bàá afárá.

NAKHLE: Tanios, ta ló ní kó o wakọ̀?
TANIOS: Àjàrà Baba ni mo fẹ́ lọ kó. Àbí kí n rù ú lórí?
NAKHLE: Ọtí ń rùn lẹ́nu ẹ.
TANIOS: Iṣẹ́ ni. Mo kàn tọ́ ọ wò ni.
NAKHLE: Láísẹ́ǹsì ẹ wà lọ́wọ́ mi o.
TANIOS: Ọwọ́ ọ̀rẹ́ mi ló kúkú wà. Jọ̀ọ́, Baba ti darúgbó. Tó o bá tì mí mọ́lé, ta ni yóò bá a pọn ọn?

(Ọkọ̀ mẹ́ta ti tò sẹ́yìn.)

NAKHLE: Máa rọra lọ.

6.
Ìṣẹ́jú mọ́kànlá lẹ́yìn náà, Tanios fi ọkọ̀ gbá Wardeh, ìyàwó Elias aránbàtà, tó ń ti ṣọ́ọ̀ṣì bọ̀. Títí di báyìí, obìnrin náà kò tíì la ojú.

7.
Ìròyìn Nakhle, èkíní: Ọkọ̀ náà kò gba ibi àyẹ̀wò kọjá. (Ó fagi lé e.)

Èkejì: Ó gba ibẹ̀ kọjá, n kò rí i. (Ó fagi lé e.)

Ẹ̀kẹta: Mo rí i. Mo

8.
Bó bá kọ òótọ́, iṣẹ́ bọ́ nìyẹn. Bí kò bá kọ ọ́, Tanios nìkan ló jẹ̀bi. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀, ó sì ti bá Nakhle délé.

9.
Ọjọ́ Ajé. Elias wọlé, ojú rẹ̀ wú. Ó di ọwọ́ Nakhle méjèèjì mú.

ELIAS: Wọ́n ní ìwọ lo gbé e dé ọsibítù. Ọlọ́run á bá ẹ wo àwọn ọmọ ẹ.
NAKHLE: Kò tọ́pẹ́, ẹ̀gbọ́n.
ELIAS: Ó tọ́pẹ́. Ẹlòmíì á rí i, á sì máa bá tiẹ̀ lọ.

Ìròyìn kẹta wà lórí tábìlì láàárín wọn. Nakhle fi fìlà rẹ̀ bò ó.