Ọwọ́ Kejìlélógójì

Ọjọ́ tí ẹ̀rọ gbohùngbohùn dé ilé-ìwé wa ni ọ̀gá wa bọ́ lọ́wọ́ wa. Ó fi kí wa káàárọ̀, ó fi bá àwọn apẹ́lẹ́yìn wí, ó tún fi bi èmi tí mo dúró tì í bí ìka ṣe ń dúró ti àtàǹpàkò pé ṣé mò ń gbọ́ òun. Mo ní, "Mò ń gbọ́ yín, mà." Ó ní kí n lọ sẹ́yìn gbọ̀ngàn kí n tún lọ gbọ́ ọ níbẹ̀. Èèyàn rere ni o, kí n má parọ́ mọ́ ọn. Ó kàn jẹ́ pé ó fẹ́ràn ohùn ara rẹ̀ ju bí ìyàwó tuntun ṣe fẹ́ràn dígí lọ ni.

Ṣùgbọ́n ta ni mí tí màá máa fi í rẹ́rìn-ín? Tíṣà Gègé ni àwọn ọmọ ń pè mí, nítorí ọwọ́ ìkọ̀wé mi. Bí mo bá kọ "g", ìrù rẹ̀ á ká bí ìrù ológbò tó yó. Ọwọ́ yìí ni wọ́n rí tí wọ́n fi fi mí ṣe akọ̀wé ìpàdé òbí àti olùkọ́, ọdún kẹsàn-án rèé. Ohun tí mo bá sì ti kọ sínú ìwé ìpàdé, lójú mi, bó ṣe rí láyé nìyẹn.

Ìpàdé tí mò ń sọ yìí, ọ̀gá ló fún un lórúkọ: "Ilé-ìwé Gbogbo Ọmọ, Ilé-ìwé Gbogbo Òbí". Èmi ni mo kọ ọ́ gàdàgbà sára aṣọ funfun tí a so mọ́ ògiri. A fẹ́ fi ránṣẹ́ sí àwọn aláṣẹ pé ọkàn gbogbo òbí balẹ̀ lórí ààbò ọmọ wọn. Ìdí tí a fi pè wọ́n kò ju ìyẹn lọ: kí wọ́n wá gbà pé ọkàn àwọn balẹ̀.

Mo wà lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn nígbà tí ìyá aránṣọ kan dé pẹ̀lú ọmọ rẹ̀. Adití ni ìyá náà láti ìbí. Nígbà tó wà lọ́mọdé, kò sí ilé-ìwé tó gbà á, nítorí náà kò mọ̀wé. Ṣùgbọ́n bó bá wo ẹ̀yìn rẹ lẹ́ẹ̀kan, ó ti mọ iye aṣọ tó máa bò ọ́. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, ẹni ọdún mẹ́sàn-án, wà ní kíláàsì kẹrin lọ́dọ̀ wa. Òun ni etí ìyá rẹ̀, òun náà ni ẹnu rẹ̀. Á fi ọwọ́ sọ ọ̀rọ̀ ayé fún ìyá, á fi ẹnu sọ ọ̀rọ̀ ìyá fún ayé.

Mo ní, "Dúró síbẹ̀. Ìpàdé àgbà nìyí, ọmọdé ò wọlé."

"Sà, èmi ni mo máa ń túmọ̀ fún màámi."

"Ẹ gbọ́ o! Nínú ẹ̀yin méjèèjì, ta ló wá bí èkejì?"

Àwọn olùkọ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi rẹ́rìn-ín. Èmi náà bá wọn rín in; àwàdà mi kì í sábà dùn tó bẹ́ẹ̀. Ọmọ náà ò rẹ́rìn-ín. Ó yíjú sí ìyá rẹ̀, ó fi ọwọ́ ṣàlàyé. Ìyá ronú díẹ̀, ó wá yọ bébà kan nínú báàgì, irú bébà aláwọ̀ ilẹ̀ tí àwọn aránṣọ fi ń gé ìwọ̀n aṣọ. Ó fi í lé mi lọ́wọ́, ó di ọrùn ọwọ́ mi mú, ó tẹjú mọ́ mi.

Mo ṣí igun bébà náà. Ìlà, igun, ìlà mìíràn, gbogbo rẹ̀ jẹ́ ẹfun. Mo ní àh, ìyá yìí ń wá iṣẹ́. Aṣọ ilé-ìwé ló fẹ́ máa rán. Mo pariwo sí i bí a ṣe máa ń pariwo sí adití, àfi bíi pé ariwo wa ló ti ń dúró dè láti ọjọ́ yìí: "A Ó WÒ Ó, ÌYÁ!" Mo fi bébà sáàárín ìwé ìpàdé kí n lè tètè máa rí ojú ewé mi. Ọmọ jókòó síta lábẹ́ fèrèsé.

Ọ̀gá sọ̀rọ̀ fún wákàtí kan àti ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ó wá ní, "Ó yá, ẹ̀yin òbí, ẹ sọ̀rọ̀ o! Ẹni tó bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́."

Káfíńtà kan láti ẹ̀yìn ní, "Ọ̀gá, ẹ ò tíì dákẹ́ débi tá a máa ríbi sọ̀rọ̀!"

Gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀gá náà rẹ́rìn-ín sínú gbohùngbohùn, ó dún bí ẹni da òkúta sínú garawa. "Ó dáa. Ẹni tó bá gbà pé ọkàn òun balẹ̀, kó nawọ́ sókè."

Ọwọ́ ń dìde, mò ń kà. Ó di mọ́kànlélógójì. Ìyá aránṣọ wà ní ìlà kẹta, ó ń wo ojú tibí, ó ń wo ojú tọ̀hún. Nígbà tó rí i tí àwọn èèyàn ń nawọ́, ó rò pé àkókò àtisọ̀rọ̀ ló dé. Ó na tirẹ̀, ọwọ́ ọ̀tún, sókè pátápátá. Ó fi tòsì tọ́ka sí ẹ̀yìn ọgbà, ó di ẹ̀ṣẹ́, ó fà á lọ ní ìbú bí ẹni tó ń ti irin mọ́ ilẹ̀kùn. Ó tún ṣe é. Ó tún un ṣe lẹ́ẹ̀kẹta.

Mo rí i. N kò ní parọ́ nínú èyí. Mo mọ̀ pé ọwọ́ ẹni tọ́kàn rẹ̀ balẹ̀ kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Ọ̀gá ké, "Ẹ wo màmá yẹn! Wọn ò gbọ́ ohun tí mo sọ, síbẹ̀ wọ́n gbà!"

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Mo kọ ọ́ sílẹ̀: "Òbí méjìlélógójì ló fọwọ́ sí i, láìsí àtakò." "G" inú rẹ̀ lẹ́wà, ẹ ò rírú ẹ̀ rí.

Ọjọ́ kẹsàn-án lẹ́yìn ìyẹn, nígbà tí àwọn ọmọ ti lọ sílé, Bàbá Géètì, ẹni tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ilé-ìwé wa, yọjú sí kíláàsì mi. "Tíṣà, ẹ wá wo nǹkan."

Ní òpin ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹ̀yìn ọgbà, níbi tí a ń kó ìgbálẹ̀ àti garawa omi sí, ọmọ aránṣọ jókòó sílẹ̀, eruku bò ó, ẹ̀yìn ìka rẹ̀ ti bó. Ìyá rẹ̀ gbá a mọ́ra.

Bàbá Géètì ní, "Ẹ̀ẹ̀kejì rèé. Àwọn ọmọ kíláàsì kẹfà kan ni. Wọ́n á tì í mọ́bẹ̀, wọ́n á ní kó fọwọ́ pe ìyá ẹ̀."

"Ẹ̀ẹ̀kejì? Nígbà wo ni tàkọ́kọ́?"

"Kẹ́ ẹ tó ṣèpàdé ni. Ìyá ẹ̀ wá a dé, kò rí i. Ẹ̀ẹ̀mejì ló gba iwájú ilẹ̀kùn yìí kọjá, ọmọ ń gbálẹ̀kùn nínú lọ́hùn-ún, ó ń ké 'Màámi, Màámi'. Kò sì lè gbọ́. Èmi ni mo wá gbọ́."

"Kí ló dé tẹ́ ò sọ?"

"Mo sọ fún ọ̀gá. Wọ́n ní kí ìyá ẹ̀ wá sọ ọ́ nípàdé. Ó sì wá. Ọmọ ẹ̀ ní ó yà á sínú bébà fún Tíṣà Gègé." Ó wò mí. "Àbí Tíṣà Gègé méjì la ní?"

Mo lọ ṣí ìwé ìpàdé. Bébà ṣì wà níbi tí mo fi sí. Ilẹ̀kùn ló yà, ó gún régé bí iṣẹ́ káfíńtà. Lára ilẹ̀kùn, níta, irin tí wọ́n tì mọ́ ọn. Nínú, ọmọ kékeré kan tó na ọwọ́ méjèèjì sókè. Ó fa ìlà gbọọrọ méjì kọjá lórí irin náà: ẹ yọ ọ́. Gbogbo ohun tó wá bẹ̀ wá kò ju ìyẹn lọ.

Mo yá sukudiréfà Bàbá Géètì, mo yọ irin náà. Ìṣó mẹ́rin. Kò gba ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Bàbá Géètì ní, "Ẹ rọra o, Tíṣà. Ẹ má lọ fi ọwọ́ ìkọ̀wé yẹn ṣèṣe."

Ọjọ́ Ajé ni ìyá àti ọmọ wá gba ìwé ìkúrò. Mo kọ ọ́, mo dìde, mo tẹrí ba, mo rọra sọ ọ́ kó lè rí ètè mi: "Ẹ má bínú, mà." Ó wo ẹnu mi títí. Ọwọ́ rẹ̀ wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, ó yára, ó pẹ́, ó fọwọ́ kan àyà rẹ̀, ó fọwọ́ kan etí rẹ̀, ó wá nàka sí tèmi.

Ọmọ ní, "Wọ́n ní ẹ ṣé, sà."

"Ṣé gbogbo ìyẹn ni 'ẹ ṣé'?"

Ó wolẹ̀. "Rárá, sà. Àgbà ni yín. Mi ò lè fẹnu mi sọ ìyókù."

Ilé-ìwé tó tún kàn jìnnà. Mo gbọ́ pé ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ ni ọmọ náà wà báyìí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀, ó ń rán bọ́tìnnì. Ìyá, a ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn síta. Ọmọ, a tì í mọ́lé. Ibì kan náà ni àwọn méjèèjì padà bá ara wọn.

Ìpàdé tó tẹ̀lé e, ọ̀gá ka àwọn ohun tí a ti ṣe. Ó ní, "A ti yọ irin tó wà lára ilẹ̀kùn yàrá ìgbálẹ̀, nítorí ààbò àwọn ọmọ wa!" Àtẹ́wọ́ sọ. "Ẹni tó bá gbà pé à ń gbìyànjú, kó nawọ́."

Bébà náà wà lápò mi. Mo na ọwọ́ mi sókè, kí n lè sọ ẹni tó kọ́kọ́ ní ká yọ irin náà, àti ibi tí ọmọ rẹ̀ wà lónìí.

"Ẹ wò ó!" ni ọ̀gá ké. "Akọ̀wé wa pàápàá ti nawọ́!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Mo ní etí, mo ní ẹnu, ọ̀nà ọ̀fun ò dùn mí. Mo wo ìlà kẹta. Ẹnìkan ti gbé báàgì lé àga ìyá aránṣọ. Mo sọ ọwọ́ mi kalẹ̀, mo mú gègé, mo sì ka ara mi mọ́ wọn.