Àwọn Sẹ́ẹ̀lì Tí Kò Jẹun

"Ìgbà wo lo pààrọ̀ oúnjẹ àwọn tí kò ní àrùn lára?"

Kemirembe tún ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀ ṣí, bí ẹni pé ó lè bá ohun tí kò kọ níbẹ̀. Ọjọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ tó kọjá ló da fáírọ́ọ̀sì sórí àwọn sẹ́ẹ̀lì ènìyàn tó wà nínú àwo kìíní, tó fọ̀ wọ́n, tó sì fún wọn ní oúnjẹ tuntun. Àwọn ti àwo kejì, tí kò fún ní fáírọ́ọ̀sì, kò tilẹ̀ fọwọ́ kàn wọ́n. Oúnjẹ àtijọ́ ni wọ́n wà lórí rẹ̀ títí di ọjọ́ Ẹtì tó wọn iṣẹ́ ẹ́ńsáìmù inú wọn.

"Mi ò pààrọ̀ rẹ̀, Màmá."

Màmá Nantongo, tó ti ń tọ́jú sẹ́ẹ̀lì ní láàbù wọn ní Entebbe, ní Uganda, láti ogún ọdún, bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀. "Ọmọ Tooro, o bọ́ ọ̀kan yó, o febi pa èkejì, o wá ń sọ pé àìsàn ló fún ọ̀kan lágbára. Oúnjẹ ni, jàre."

Ẹ̀rù ba Kemirembe gan-an. Àfọwọ́fà ni. Ìwé ìwádìí rẹ̀ tó sọ pé fáírọ́ọ̀sì yẹn ń sọ iṣẹ́ ẹ́ńsáìmù inú sẹ́ẹ̀lì di ìlọ́po mẹ́rin ti parí, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun náà ni wọn yóò fi ránṣẹ́ sí àwọn atẹ̀wé. Bó bá lọ, wọn yóò fi ọdún kan kún àyè rẹ̀ ní láàbù. Bí kò bá lọ, ọjọ́ Ẹtì ló ń padà sílé ní Fort Portal láìgba oyè.

"Tí mo bá dákẹ́ ńkọ́, Màmá?"

"Ẹnu tìẹ ni. Èmi ò ní bá ẹ sọ ọ́." Ìyá náà ń nu tábìlì. "Ṣùgbọ́n àwọn kan á gbà á gbọ́. Wọ́n á máa wá oògùn tó máa dá ẹ́ńsáìmù yẹn dúró, wọ́n á wá a títí."

Dókítà Byabazaire, ọ̀gá wọn, wọlé tẹ̀ríntẹ̀rín. "Abwooli, ó ku wákàtí kan o." Ọmọ ẹ̀yà Tooro bíi tirẹ̀ ni, bí inú rẹ̀ bá dùn, oríkì ló fi ń pè é.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má fi ránṣẹ́."

Ó ro gbogbo rẹ̀ fún un, kò fi kan bò. Ọ̀gá náà wá àga, ó jókòó.

"Kemirembe," ó ní, láìsí oríkì mọ́. "O mọ̀ pé mi ò lè bá ẹ di àyè ẹ mú?"

"Mo mọ̀, sà."

"Bó o bá tún un ṣe lónìí, ọjọ́ Àbámẹ́ta ni yóò tó ó wọ̀n."

"Ẹ jẹ́ n bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, sà."

Wọ́n ní òtítọ́ a máa mú ọkàn fúyẹ́. Tirẹ̀ kò fúyẹ́ rárá. Ó wọ ìbọ̀wọ́, ó gbé àwo tuntun méjì sílẹ̀, ó da fáírọ́ọ̀sì sórí ọ̀kan, ó fọ méjèèjì, ó sì bu oúnjẹ sí wọn láti inú ìgò kan náà. Lẹ́yìn náà ló ṣí ìwé àkọsílẹ̀, ó kọ ọjọ́ àti wákàtí. Níbi orúkọ ẹni tí yóò wọ̀n wọ́n lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, ó kọ Nantongo.