Ọkọ̀ Tó Kọ̀ Láti Jí

"Kí ló dé tí kò jí?"

Alábòójútó ọkọ̀ ló béèrè bẹ́ẹ̀. Bàbá Tírélà, tó wà nídìí sítíárì, tún tẹ bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń ṣíná. Ọkọ̀ náà dákẹ́ bí ọmọ tó mọ̀ọ́mọ̀ di etí.

Ibi tí wọ́n há sí kì í ṣe ibi tí èèyàn ń fẹ́ há sí. Abẹ́ ilé gíga kan ni, níbi tí àwọn òṣìṣẹ́ ń gbé ọkọ̀ wọn pamọ́ sí. Ọ̀nà kan ṣoṣo ló jáde níbẹ̀. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni ọ̀nà náà, ó tẹ́ẹ́rẹ́ bí ọ̀nà ọ̀fun, ó sì lọ́ bí ìkarahun ìgbín. Ògiri lápá ọ̀tún, ògiri lápá òsì. Ara ògiri náà kún fún àpá ọ̀dà pupa, ọ̀dà funfun, ọ̀dà aláwọ̀ ewé, ẹ̀bùn tí àwọn awakọ̀ tí ọwọ́ wọn ò dúró ti fi sílẹ̀ níbẹ̀. Bí èèyàn bá ní kí òun ṣílẹ̀kùn, ilẹ̀kùn á ti gbá ògiri kí ẹsẹ̀ kan tó ráyè yọ. Lókè pátápátá ni ọ̀pá tó ń dínà wà, ọlọ́dẹ ló ń gbé e sókè. Ọ̀pá náà ti gòkè báyìí. Ọkọ̀ tó wà níwájú wọn ti jáde sínú oòrùn. Ọ̀nà ṣí sílẹ̀ gbayawu, àwọn nìkan ni wọn ò lè lọ.

Lẹ́yìn wọn, jíìpù gíga kan ti fimú kan ìdí wọn. Iná iwájú rẹ̀ méjèèjì ń ya wọlé láti ara gíláàsì ẹ̀yìn bí omi tó já ògiri. Iná funfun ni, irú èyí tó funfun débi pé ó ń ta ojú bí ata. Ó bo dígí inú, ó bo dígí ẹ̀gbẹ́, ó sì tàn sára gíláàsì dáṣíbọ́ọ̀dù tó fi jẹ́ pé ojú ara rẹ̀ ni Bàbá Tírélà ń rí níbẹ̀. Kò rí ohun mìíràn.

Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí bàbá yìí fi wa tírélà, ibẹ̀ ló ti gba orúkọ. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ tó ń bá kó sìmẹ́ńtì kógbá wọlé, ó padà sílé wá jókòó. Ìjókòó náà ò dẹrùn rárá. Ìyàwó rẹ̀ kì í sọ̀rọ̀ burúkú sí i, ṣùgbọ́n bó bá ń gbálẹ̀, á ní, "Ẹ gbẹ́sẹ̀," ní ohùn tí èèyàn lè fi bá àga sọ̀rọ̀. Ọmọ rẹ̀ obìnrin àgbà ló gbọ́ pé ilé-iṣẹ́ kan ń wá awakọ̀ tí yóò máa gbé àwọn àlejò wọn kiri. Òní ni wọ́n fẹ́ dán an wò. Ìdánwò náà ò le: kó gbé ọkọ̀ tuntun jáde lábẹ́ ilé, kó gbé e yí àdúgbò po, kó wá dúró níwájú ilé, kí ọ̀gá àgbà bọ́ sínú rẹ̀. Alábòójútó ọkọ̀, obìnrin tí kò lè ju ọmọ rẹ̀ yẹn lọ, jókòó tì í láti wo ọwọ́ rẹ̀.

"Ojú tó ti rí òkun kò ní rí ọ̀sà kó bẹ̀rù." Ohun tó sọ fún ara rẹ̀ láàárọ̀ nìyẹn. Ọ̀sà ló wá dè é mọ́lẹ̀ yìí.

"Bàbá, ẹ gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí bíréèkì, kẹ́ ẹ tún un tẹ̀."

"Mo ti ṣe é, ọ̀gá mi."

"Ẹ tún un ṣe, ẹ jọ̀ọ́."

Ó tún un ṣe. Kò sí ìyàtọ̀.

"Mo mọ̀ pé yóò dójú tì wá lọ́jọ́ kan," ni obìnrin náà wí. "Ẹ̀rọ tó ń pa ẹ́ńjìnì fúnra rẹ̀ yìí, mi ò fẹ́ràn rẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé e dé. Bí mo bá ti wọnú ọkọ̀ láràárọ̀, bọ́tìnnì rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ máa ń tẹ̀ kó má bàa ṣiṣẹ́. Òní tí mo ní kí n fi í sílẹ̀ kẹ́ ẹ lè mọ̀ ọ́n, òní náà ló yàn láti dójú tì wá."

Bí ẹ̀rọ náà ṣe ń ṣe nìyí: bí ọkọ̀ bá dúró, ẹ́ńjìnì á sùn kí epo má bàa ṣòfò, bí awakọ̀ bá gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí bíréèkì, á jí. Láti ìsàlẹ̀ tí wọ́n ti ń tò bọ̀, ó ti sùn, ó ti jí, ó tún ti sùn, ó tún ti jí, bí arúgbó tó ń gbọ́ ìwàásù. Ibi tó sùn sí kẹ́yìn yìí ni kò ti jí mọ́.

"Tírélà tèmi," ni Bàbá Tírélà wí, "ẹni tó bá pa ẹ́ńjìnì rẹ̀ lórí òkè, ó ń wá ẹni tó máa sin òun ni."

"Kì í ṣe tírélà nìyí, bàbá."

"Mo ti rí i bẹ́ẹ̀."

Jíìpù ẹ̀yìn fun fèrè. Nínú ihò yẹn, fèrè kan ń dún bí mẹ́wàá. Ọkùnrin tó ń wà á yọrí lójú fèrèsé. "Ẹ̀yin ará iwájú, ṣé ẹ fẹ́ kọ́lé síbẹ̀ ni?"

Bàbá Tírélà náà yọrí. "Ẹ kọ́kọ́ pa iná yín ná. Ẹ ti fọ́ wa lójú."

"Kì í ṣe èmi ni mo tàn án. Ọkọ̀ ló ń tàn án fúnra rẹ̀. Ibi tó bá ti ṣókùnkùn, á tàn."

"Ẹ wá bá a sọ̀rọ̀ kó pa á fúnra rẹ̀."

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn jíìpù. Obìnrin kan ni, tó ń fi ọkọ̀ kékeré gbé búrẹ́dì wá fún àwọn òṣìṣẹ́ ilé náà. Wọn ò rí i, ohùn rẹ̀ ni wọ́n ń gbọ́. "Ẹ bá mi sọ fún un, bàbá. Irú iná yẹn ló pàdé mi lójú ọ̀nà láàárọ̀ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé mi sọ sí gọ́tà. Ẹni tó bá ra oòrùn, kó lọ gbé e kọ́ ojú ọ̀run."

"Màmá oníbúrẹ́dì, owó mi ni mo fi ra ọkọ̀ yìí. Mo fẹ́ máa rí ọ̀nà."

"Ẹ̀yin ń rí ọ̀nà, àwa ò rí nǹkan kan. Ẹni tí ò ríran tó ń bọ̀ níwájú yín, ta lẹ rò pé ó máa kọ lù?"

Ọkùnrin oníjíìpù yí ọ̀rọ̀ padà. "Ọkọ̀ tó ń sùn lójú ọ̀nà ló há wa mọ́bí, kì í ṣe iná. Epo ṣíún tẹ́ ẹ bá rí níbẹ̀, owó bátìrì ló máa gbà á padà. Ẹ̀rọ tó bá ń sùn tó ń jí, tó ń sùn tó ń jí, kò ní pẹ́ kú."

"Ẹ̀yin náà, ẹ ń sùn, ẹ sì ń jí," ni oníbúrẹ́dì wí. "A ò tíì gbọ́ òkú yín. Tèmi náà ń sùn, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣé ẹ ò gbóòórùn èéfín inú ihò yìí ni? Jíìpù yín nìkan ló ń tú u síta."

Òótọ́ ni. Èéfín náà ti ń wọlé díẹ̀díẹ̀. Alábòójútó gbé fèrèsé tirẹ̀ sókè, ooru dé; ó sọ ọ́ kalẹ̀, èéfín dé. Ó fi í sí agbedeméjì, méjèèjì jọ wọlé.

Ọlọ́dẹ ti òkè sọ̀ kalẹ̀ wá bá wọn. Ó ní láti fi ẹ̀gbẹ́ rìn bí alákàn, ikùn rẹ̀ ń nu ògiri bó ṣe ń bọ̀. "Ṣé epo wà níbẹ̀?"

"Ó kún," ni alábòójútó wí.

"Ẹ jẹ́ kí n tì í, nígbà náà."

"Kẹ́ ẹ tì í lọ síbo?"

Ọlọ́dẹ wo gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀, bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi hàn án. "Òótọ́ ni," ló wí. "Ọ̀gá yín àgbà ti dúró níwájú ilé o. Ó ti wo aago títí, èmi ló wá ń wò báyìí." Ó bá fi ẹ̀gbẹ́ gùnkè padà.

Bàbá Tírélà ò gbọ́ gbogbo rẹ̀ mọ́. Iwájú ò ṣe é lọ, ẹ̀yìn ò ṣe é yí sí, ilẹ̀kùn ò ṣe é ṣí. Òógùn ti mú ẹ̀wù rẹ̀ lẹ̀ mọ́ àga. Ó ń rí ìgbálẹ̀ ìyàwó rẹ̀ tó ń bọ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó tún gbogbo rẹ̀ rò láti ìbẹ̀rẹ̀, bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́ nínú yàrá. Wọ́n dúró. Ẹ́ńjìnì sùn. Iná jíìpù bo gbogbo dígí. Nínú iṣẹ́ tírélà, awakọ̀ kì í dúró lórí òkè láìmọ bí ẹni ẹ̀yìn ṣe jìnnà sí òun tó. Bí dígí ò bá ríran, orí ni wọ́n ń yọ síta. Ó fa bíréèkì ọwọ́, ó na orí àti èjìká gba ojú fèrèsé, ó wo ẹ̀yìn, iná nìkan ló rí. Ó padà jókòó. Ọkọ̀ iwájú lọ. Ó gbẹ́sẹ̀ kúrò. Ibo ni nǹkan ti bàjẹ́ nínú ìyẹn?

"Bàbá." Alábòójútó ti yọ fóònù. "Ẹ jẹ́ ká má tan ara wa. Bó bá jẹ́ pé ọkọ̀ ló bàjẹ́, ẹ̀bi ò sí lọ́rùn yín. A ó dá a padà fún àwọn tó tà á, ẹ ó wá fi òmíràn ṣe ìdánwò lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Àmọ́ bó bá jẹ́ ọwọ́ yín ni, mi ò lè bo yín. Èèyàn mìíràn ń dúró de iṣẹ́ yìí."

"Mo gbọ́, ọ̀gá mi."

"Lójú tèmi, ọkọ̀ ni." Ó tẹ nọ́ńbà ọ̀gá àgbà, ó kọjú sí ògiri.

Lẹ́yìn, ọkùnrin oníjíìpù sọ ohun kan tí kò ṣe é gbọ́ sétí ìyá ẹni, ó wá pa ọkọ̀ rẹ̀ nílẹ̀. Sùúrù ló tán tàbí èéfín ló lé e, kò sẹ́ni tó mọ̀. Iná náà kú. Ẹ́ńjìnì rẹ̀ dákẹ́. Òkùnkùn bọ́ sórí wọn lẹ́ẹ̀kan náà, ó tutù lójú bí omi.

Nínú òkùnkùn náà ni Bàbá Tírélà ti rí i. Ó wà níwájú rẹ̀ gan-an, lórí dáṣíbọ́ọ̀dù, ibi tí ó ti ń rí ojú ara rẹ̀ látẹ̀yìnwá: àwòrán èèyàn pupa kékeré kan, tó jókòó, tí okùn kan dábùú àyà rẹ̀. Ó ń tàn, ó ń kú, ó ń tàn. Ohùn tín-ín-rín kan sì ń bá a ké, èyí tí ariwo jíìpù àti àríyànjiyàn ò jẹ́ kí wọ́n gbọ́.

Ó wo èjìká rẹ̀. Bẹ́líìtì rọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ọkọ̀, irin ẹnu rẹ̀ ń dán. Nígbà tó fẹ́ yọrí síta, ọwọ́ rẹ̀ ti tú u láìbi í léèrè, bí ọwọ́ awakọ̀ tírélà ṣe máa ń ṣe. Ọkọ̀ tuntun yìí sì rò pé awakọ̀ òun ti sọ̀ kalẹ̀. Kò fẹ́ jí fún àga òfìfo, ì báà jẹ́ pé wọ́n tẹ bọ́tìnnì títí.

"Ẹ káàsán, sà," ni alábòójútó ń wí sínú fóònù, ojú rẹ̀ ṣì wà lára ògiri. "Ọkọ̀ náà ni, sà. Rárá, bàbá ò mọwọ́ mẹsẹ̀. Wọ́n mọ iṣẹ́ wọn dáadáa."

Ọwọ́ bàbá ti wà lára irin bẹ́líìtì. Bó bá rọra fi í bọnu rẹ̀ nísinsìnyí, tó wúkọ́ díẹ̀ lé e, ọkọ̀ á jí, ta ni yóò mọ ohun tó jí i? Ọkọ̀ tuntun ni, ìwà rẹ̀ ò tíì yé ẹnikẹ́ni. Wọ́n á dá a padà fún àwọn tó tà á, òun á sì padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ó rántí ohùn tí wọ́n fi ń sọ fún àga pé kó gbẹ́sẹ̀.

Ó fi ìka kan kan alábòójútó lápá.

"Ọ̀gá mi, ẹ má tíì bú ọkọ̀."

Obìnrin náà yíjú padà, fóònù ṣì wà létí rẹ̀. Bàbá Tírélà nàka sí èèyàn pupa náà. Lẹ́yìn náà ló fa bẹ́líìtì síwájú, ó gbé irin rẹ̀ sókè kí ó lè rí i dáadáa, kò yára, ó wá tì í bọnu rẹ̀. Ó dún kọ́. Ó gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí bíréèkì, ẹ́ńjìnì sì jí lábẹ́ wọn.